Okùn Tí Tákátáká Fi Mú Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ a máa wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọn kì í wá ra àga. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kí mi, wọ́n á wá ní: "Bàbá Káfíńtà, ẹ̀yin lẹ mọ obìnrin tó kọ̀wé yẹn. Báwo ló ṣe kọ ọ́? Báwo làwọn tó ń tẹ̀wé ṣe gbà á lọ́wọ́ ẹ̀? Àwa náà ń kọ o, wọn ò gba tiwa."

Káfíńtà ni mí. Mo lè kàwé tí mo bá ń fi ìka tẹ̀ lé e. Mo lè kọ orúkọ mi, mo lè kọ ìwọ̀n pákó, mo sì lè kọ irú èyí bí ẹ bá ní sùúrù fún mi. Ògiri pákó kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti obìnrin náà. Èmi ni mo kan ògiri ọ̀hún, kò sì nípọn. Ohun tí mo gbọ́ àti ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé, kó mú èyí tó bá wúlò fún un níbẹ̀.

Tákátáká la máa ń pè é. Ariwo taipuráítà rẹ̀ ló bí orúkọ náà. Ìwé ló ń bá àwọn èèyàn tẹ̀: ìwé tí wọ́n fi ń wáṣẹ́, ìwé àdéhùn, ìwé ìkìlọ̀ fún ayálégbé tó kọ̀ tí kò kó jáde. Tábìlì kan, àga méjì, àti òkúta tó fi ń tẹ bébà mọ́lẹ̀ nítorí atẹ́gùn. Obìnrin pẹ́ńpẹ́ ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, ẹnu rẹ̀ mú. Bí ẹnì kan bá ní, "Tákátáká, ṣe kíá," á ní, "Ẹ̀rọ yìí ò lẹ́sẹ̀, ìka ló ní. Ẹ jókòó." Bí oníbàárà bá pa irọ́ sínú ìwé tó fẹ́ kó tẹ̀, á dáwọ́ dúró. Á ní, "Màá tẹ̀ ẹ́ fún yín. Àmọ́ irọ́ yìí ò gún. Ẹ jẹ́ ká tún un pa."

Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló ní, bàbá kan náà, ìyá kan náà. Òun ló ń ta pákó fún gbogbo àwa káfíńtà tó wà lágbègbè wa, nítorí náà Onípákó là ń pè é. Ọkùnrin gíga, ọlọ́yàyà. Kì í ṣe àpà, kì í ṣe ọ̀mùtí, kì í bá èèyàn jà.

Ìyá wọn fọ́jú nígbà tó dàgbà. Ilé tí bàbá wọn kọ́ ni ìyá náà ń gbé, Onípákó sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Tákátáká wà nílé ọkọ ní òdìkejì ìlú nígbà náà. Ó ń wá, ó ń lọ. Onípákó ló ń tọ́jú ìyá. Kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìyá kú, ẹbí jókòó ní pálọ̀ láti sọ̀rọ̀ nípa ilé. Onípákó dìde. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn òun tó wúwo. Ó ní kí ìyá àwọn tó dákẹ́, ó di òun lọ́wọ́ mú, ó sì jẹ́wọ́ fún òun pé èyí àbúrò kì í ṣe ọmọ bàbá àwọn.

Tákátáká wà níbẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni, òun rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó wá wo ojú àwọn èèyàn, kò rí ẹni tó bá òun rẹ́rìn-ín. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wọn, òun ni àgbà ilé. Ó fọwọ́ lérán, ó wo apá ibi ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Ọmọ tó tọ́jú ìyá ẹ̀ tó báyìí ò ní purọ́ mọ́ ọn."

Ó parí. Gbólóhùn kan yẹn gba ilé lọ́wọ́ obìnrin náà, ó gba bàbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ ìyá rẹ̀ di alágbèrè nínú sàréè. Láti ọjọ́ náà ni Onípákó ti ń pè é ní "ọmọ ìyá mi". Ẹnu rere ló fi ń pè é bẹ́ẹ̀, lójú gbogbo ayé.

Ilé kọ́ ló dun Tákátáká. Ó sọ ọ́ fún mi títí ó fi sú mi: "Kó gba ilé. Kó gba òrùlé ẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ kó dá bàbá mi padà fún mi."

Ẹni tó ṣu a máa gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó dé ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá Káfíńtà, mo fẹ́ kọ̀wé."

Mo ní, "Ìwé ta ni?"

"Ìwé tèmi. Ìtàn. Màá kọ ọ̀bàyéjẹ́ yẹn sínú ẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ á máa kà á níléèwé."

"Ilé ẹjọ́ ńkọ́?"

"Ta ni ẹlẹ́rìí mi? Òkú?"

Ó padà sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ló máa ń kọ ọ́, kí oníbàárà tó dé. Bó bá ń tẹ̀wé fún àwọn èèyàn, ẹ̀rọ náà a máa dún geere. Bó bá kan ìtàn tirẹ̀, mo mọ ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀rọ náà a máa ké bí ìgbà tí wọ́n ń lu ejò.

Ó máa ń ka díẹ̀ sí mi létí láti ẹ̀yìn ògiri, bí mo ṣe ń fá pákó lọ. Ọkùnrin inú ìwé náà, eyín rẹ̀ wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ń jí ẹran nínú ìkòkò. Ó ń ta ajá nípàá. Ó rẹ́rìn-ín nílé òkú. Lójú ìwé kan, ó fi májèlé sí kànga aládùúgbò.

Mo ní, "Ṣé ẹ̀gbọ́n ẹ fi májèlé sómi rí?"

Ó ní, "Rárá. Àmọ́ ó lè ṣe é."

Nígbà tó parí, kò lè dúró. Ó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan lẹ́yìn gárèèjì. Àwọn yẹn, ohun tó o bá gbé wá ni wọ́n ń tẹ̀, bí o bá gbé ewé wá wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Ó pín in ká. Àwọn èèyàn kà á, wọ́n ní ó dùn. Ó ń retí kí ìlú dìde sí Onípákó. Ìlú ò dìde. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Onípákó ni.

Mo lọ ra pákó. Mo bá Onípákó lórí ìtí igi, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ìwé pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Káfíńtà, ṣé ẹ ti ka ìwé ọmọ ìyá mi?"

Mo ní, "Ó kà á sí mi létí."

"Ó mà gbọ́n o! Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, ìkà ẹ̀dá. Májèlé, Bàbá! Sínú kànga! Mo bínú débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán. Ẹ sọ fáwọn èèyàn yín kí wọ́n rà á. Irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ wà láyé o, a kàn ń bá wọn rìn ni."

Ó bá mi to pákó sórí ọmọlanke. Mo ti dé ojú títì kó tó pè mí padà: "Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ní ó kú iṣẹ́!"

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe rán mi. Tákátáká ń ki bébà bọ ẹ̀rọ lọ́wọ́.

"Ó ní kí ni?"

"Ó ní o kú iṣẹ́."

"Ṣé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni?"

"Rárá. Inú ń bí i gan-an. Sí ọkùnrin inú ìwé."

Ó fa bébà yẹn jáde, ó ká a kékeré, ó tún ká a. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí i, kò dáhùn. Ó ní, "Mo ju òkò lù ú. Ó hán an, ó ní ẹ ṣeun."

Ó ní ilé ìtẹ̀wé ẹ̀yìn gárèèjì ló fà á. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ló gbé ìwé náà jáde, ara á ta á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan dá a padà láìtú okùn tó fi dì í. Òmíràn ní kó lọ kọ ìtàn ìfẹ́ wá. Ọkùnrin kan fèsì pé: "Èébú lèyí, kì í ṣe ìtàn." Tákátáká yá ìṣó lọ́wọ́ mi, ó kan èsì náà mọ́ ògiri, ó ní kóun má baà gbàgbé orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Bó ṣe di ẹni tó ní ọ̀tá méjì nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ kan ló wá ránṣẹ́ pè é. Ó ní kí n bá òun lọ, kí wọ́n má baà rò pé òun ò léèyàn. Mo wọ aṣọ mi tó dáa, mo tẹ̀ lé e.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, yàrá tí wọ́n to ìwé sí títí kan fèrèsé. Àga tí mo jókòó lé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Mo ká bébà tì í. Olóòtú tó ń yẹ ìwé wò fún wọn jẹ́ obìnrin, kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó ti fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sí ìwé Tákátáká lára káàkiri.

Ó ní, "Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀, mà. Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn. Àmọ́ mi ò gba ìtàn yìí gbọ́."

Tákátáká ní, "Òótọ́ ni."

"Ó lè jẹ́ òótọ́. Èmi ni mi ò gbà á gbọ́. Ọkùnrin yìí jalè, ó ta ajá nípàá, ó fi májèlé sómi. Ó wá dìde láàárín ẹbí, ó pa irọ́ tó burú jù láyé, gbogbo wọn sì ní òótọ́ ló sọ. Kí ló dé tí wọ́n fi gbà á gbọ́?"

"Torí òmùgọ̀ ni wọ́n."

"Gbogbo wọn?"

"Tọmọdé tàgbà."

"Àgbà ilé yẹn ńkọ́? Níbẹ̀rẹ̀ ìwé, ẹ ní ó máa ń mọ olè láti ibi tó bá ti ń wúkọ́. Nígbà wo lòun náà gọ̀?"

Tákátáká wo mí. Mo wo ilẹ̀.

Olóòtú ní, "Ẹ wá ohun kan fún mi tí ọkùnrin yìí ṣe tó dáa. Kó dáa débi pé ká ní mo wà ní pálọ̀ yẹn, èmi náà á gbà á gbọ́. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ padà wá, a máa tẹ ìwé yín."

"Kò ṣe nǹkan kan tó dáa láyé ẹ̀."

"Á jẹ́ pé kì í ṣe èèyàn lẹ kọ nìyẹn, mà. Kò sẹ́ni tó máa rí ara ẹ̀ níbẹ̀."

Tákátáká bú u láti orí àtẹ̀gùn dé ojú títì. Ó bú u lójú títì dé ibi tí ọ̀nà ti pín. Ó ní ọmọ àná ni. Ó ní ẹni tí wọn ò tíì purọ́ mọ́ rí, kí ló mọ̀? Mo jẹ́ kó bú u tán. Mo wá ní, "Okùn ńkọ́?"

Ó dúró sáàárín ọ̀nà. Ọlọ́kadà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù ú.

"Okùn wo?"

"Okùn tó so fún ìyá yín."

"Bàbá Káfíńtà, ẹ̀yìn ta lẹ wà?"

"Ẹ̀yìn tìẹ."

"Ẹ má jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ lẹ́nu yín mọ́."

Okùn náà rèé. Nígbà tí ojú ìyá wọn fọ́ tán, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa di òun lọ́wọ́ mú lọ sí balùwẹ̀. Ojú ń tì í. Onípákó na okùn láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó dé balùwẹ̀. Ó ta kókó sí i lára: kókó kan níbi tí ìyá á ti yà, kókó méjì níbi tí ilẹ̀ ti ga. Ìyá a máa fi ọwọ́ tẹ̀ lé e, á dá lọ, á dá bọ̀. Gbogbo àlejò ló rí i, gbogbo wọn ló yìn ín. Okùn yẹn ni Bàbá Kékeré wò lọ́jọ́ tó gba irọ́ gbọ́. Èmi ni mo kan ìṣó tó gbé e dúró.

Tákátáká ò kí mi mọ́. Ó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi bí ẹni kọjá níwájú ilé tí wọ́n tì pa. Ẹ̀rọ rẹ̀ ò dún láàárọ̀ mọ́. Mo mójú kúrò lára rẹ̀, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Lọ́jọ́ kan, ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó jókòó lórí pákó tí mo fẹ́ gé.

"Ẹ̀yin lẹ kan ìṣó yẹn."

"Èmi ni."

"Ẹ sọ bó ṣe rí. Ẹ má ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́."

Mo sọ ọ́. Onípákó wá pè mí, okùn wà léjìká rẹ̀. Ibi tó bá ìbàdí mi mu ni mo fẹ́ kan ìṣó sí. Ó ní rárá, ìyá òun ò ga tó bẹ́ẹ̀. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó fi di ojú ara rẹ̀. Ọkùnrin gíga yẹn tẹ̀ kòkò títí ó fi kúrú bí ìyá rẹ̀, ó fọwọ́ kan ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń wá nǹkan tí kò rí, á ní, "Ẹ kàn án síbí, Bàbá." Ó forí gbá ilẹ̀kùn, kò tú ojú. Ó fẹsẹ̀ kọ ibi tí ilẹ̀ ti ga, èékánná rẹ̀ ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ jáde. Ó ní, "Kókó méjì níbí." Nígbà tí a ṣe é tán, ó tún padà síbi ibùsùn, ó rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ló tó tú áńkáṣíìfù. Ó tutù. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun di ojú. Mi ò fèsì. Irinṣẹ́ mi ni mò ń kó.

Tákátáká ti mọ̀ nípa okùn. Kò mọ èyí.

Ó ní, "Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Ó ṣe ìyẹn fún Màámi. Ó tún wá fi ẹnu Màámi purọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ká ní kò ṣe é ni, ì bá rọrùn fún mi."

"Ó ṣe é."

Ó dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lára aṣọ. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ní, "Ó dáa. Òun náà ló so ó. Okùn náà ni màá fi mú un."

Láti ọjọ́ yẹn, ohun tó ń yọ kúrò ló ń wá sọ fún mi. "Mo ti to eyín ẹ̀ padà." "Mo ti dá ẹran padà sínú ìkòkò." "Ajá ti sá lọ, kò sẹ́ni tó ta á nípàá." Ọjọ́ tó gbọ́n májèlé kúrò nínú kànga, ó dùn ún, mo rí i. Nígbà tó ṣe tán, gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ ọkùnrin inú ìwé ni okùn kan àti irọ́ kan. Ẹ̀rọ náà ò ké mọ́. Ó ń dún geere, bí ìgbà tó ń tẹ̀wé oníbàárà. Ìgbà yẹn gan-an lẹ̀rù wá bà mí fún Onípákó. Ẹni tó ṣì ń pariwo ò tíì rí ọ̀bẹ.

Olóòtú gba ìwé náà. Wọ́n jọ jà lórí ìwé ọ̀hún, wọ́n fa ọ̀rọ̀ kan síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń fa aṣọ. Olóòtú borí nígbà míì. Ìwé jáde.

Onípákó ti fi yàrá ilé bàbá wọn háyà fún àwọn èèyàn. Okùn ti kúrò lára ògiri lẹ́yìn ìpàdé ẹbí yẹn, àmọ́ àwọn ìṣó wà níbẹ̀. Aṣọ ìnura làwọn ayálégbé ń kọ́ síbẹ̀, wọn ò sì mọ ìdí tí ìṣó fi lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà láàárín wọn tó ń kàwé. Ó ka ìwé Tákátáká débi okùn, ó gbé e sílẹ̀, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó di ojú, ó tẹ̀ kòkò, ó fọwọ́ wá ìṣó kan dé èkejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá ibi tí ilẹ̀ ti ga. Wọ́n ní ó pariwo tó fi jẹ́ pé gbogbo yàrá ló ṣí ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Ilé yìí ni! Lánlọ́ọ̀dù wa ni!"

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ọ̀dọ̀ ayálégbé, ẹ má wá agogo. Wọ́n sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n sọ ọ́ nílé ìwòsàn. Àwọn èèyàn ń wá wo ìṣó.

Onípákó fúnra rẹ̀ jókòó sórí ìtí igi, ó ń kà á. Ẹni tó ń bá a lagi ló sọ fún mi. Ó ní ọ̀gá òun ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀rẹ̀, ó tún ń sọ pé ọmọ ìyá òun ti gbọ́n sí i. Ó dé ibi áńkáṣíìfù. Ó pa ìwé dé, ó fi oníbàárà sílẹ̀ lórí ìdúró, ó lọ sílé.

Ó ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá Káfíńtà, ẹ bá mi yọ ìṣó wọ̀nyí."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Mo fẹ́ kun ilé."

"Kùn ún. Ìṣó ò dí ọ̀dà lọ́wọ́."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ sọ fún un."

"Èmi ni."

"Mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má sọ ọ́."

"O bẹ̀ mí. Mi ò dáhùn."

"Ẹ yọ ọ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo ní, "Ìyá ẹ ni mo kàn án fún. Bí wọ́n bá ní kí n yọ ọ́, màá yọ ọ́. Bi wọ́n léèrè. Ṣebí ìwọ ni wọ́n máa ń bá sọ̀rọ̀."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní pákó òun ò ní wọ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ láé. Mo ní igbó pọ̀. Mo jáde. Títí dòní, ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń ra pákó, mi ò sì kábàámọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi òòlù fa ìṣó yẹn. Kò mọ̀ pé ẹni tó bá ń fa ìṣó lára ògiri, á fi pákó tẹ́lẹ̀ òòlù. Sìmẹ́ńtì ń já bọ́ tẹ̀ lé ìṣó. Àwọn ayálégbé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń wò ó. Ihò ló kù, ihò tó gba àtàǹpàkò, wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí ìyá wọn ṣe ga mọ. Ó rẹ́ ẹ, ó kùn ún. Ojú ibẹ̀ ò bá ti ìyókù mu. Ẹni tí kò gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀ gbà á gbọ́ wàyí.

Ó wá bá Tákátáká ní ṣọ́ọ̀bù. Mo dá iṣẹ́ dúró lẹ́yìn ògiri.

"Ọmọ ìyá mi."

"Kí lẹ fẹ́ tẹ̀?"

"Mi ò wá tẹ̀wé. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tún ìwé yẹn tẹ̀. Yọ okùn kúrò níbẹ̀."

"Okùn nìkan?"

"Fi irọ́ sílẹ̀. Dá eyín wíwọ́ padà, dá májèlé padà, pè mí ní ohun tó bá wù ẹ́. Ìyẹn ò jọ mí, mo lè bá a gbé. Àmọ́ okùn yẹn... Ibi tí mo bá dé, wọ́n á ṣàánú mi, wọ́n á sì tún kórìíra mi, lójú kan náà. Ì bá sàn kí wọ́n sọ mí lókò."

"Ẹ lọ sọ òótọ́ fún ẹbí ná."

"Bí mo bá sọ ọ́, wàá yọ ọ́?"

"Ẹ lọ sọ ọ́ ná."

Ó pe ẹbí jọ. Tákátáká ní kí n wá jókòó ti òun. Pálọ̀ kan náà ni, Bàbá Kékeré sì ti ń tẹ̀ lé ọ̀pá. Onípákó dúró síbi tó dúró sí nígbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Màámi ò sọ nǹkan kan fún mi. Èmi ni mo rò ó, èmi ni mo sọ ọ́. Ọmọ bàbá wa ni."

Bàbá Kékeré ní, "Kí ló dé?"

"Èmi ni mo tọ́jú wọn. Mo rò pé ilé tọ́ sí mi."

Àgbà náà mi orí títí. Ó ní, "Ká ní o béèrè ni, à bá fún ẹ."

Tákátáká ní, "Èmi gan-an ì bá fún un."

Mo rí ojú Onípákó nígbà tó gbọ́ ìyẹn. Mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Iṣẹ́ mi kọ́.

Wọ́n bi Tákátáká bóyá ó fẹ́ ìpín tirẹ̀ nínú ilé. Ó ní rárá, kí ẹ̀gbọ́n òun máa gbé inú ẹ̀, tòun ti ihò ara ògiri. Bàbá òun lòun wá gbà, òun sì ti gbà á.

Ní ọjọ́ kejì, Onípákó padà wá sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀.

"Mo ti sọ ọ́."

"Mo wà níbẹ̀. Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n mi." Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn látìgbà tí ìyá wọn ti kú.

"Okùn ńkọ́?"

"Okùn wà níbẹ̀."

"Ṣebí o ní..."

"Mo ní kẹ́ ẹ lọ sọ ọ́ ná. Mi ò sọ nǹkan míì. Bàbá Káfíńtà ń gbọ́ wa, ẹ bi wọ́n."

Kò bi mí. Ó lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìdáhùn mi ò ju èyí lọ. Ẹ máa fi ránṣẹ́, wọ́n á dá a padà, ẹ tún fi ránṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó bi yín ní ìbéèrè tó dùn yín wọra, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni kẹ́ ẹ dúró sí. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ìwé gbẹ̀san, ẹ má fi èébú ṣe é. Ẹ wá ohun tó dáa lọ́wọ́ ọ̀tá yín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé òótọ́ á bá irọ́ lọ́nà. Òótọ́ ò lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan ló ń gbé e. Mi ò sì sọ pé ohun tí obìnrin yẹn ṣe dáa. Mo sọ pé ó mú un.

Kí wọ́n tó tún ìwé náà tẹ̀, Tákátáká fọwọ́ gbá ògiri tó wà láàárín wa. Ó ní, "Bàbá Káfíńtà, bí wọ́n bá ń fi agbára fa ìṣó jáde lára ògiri, báwo ló ṣe ń dún?"

Mo gbé òòlù, mo fa ọ̀kan jáde fún un.

Ó ní, "Ẹ tún un fà."